Kíkan Bẹ́ǹṣì Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Fúnra Ẹni: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ará Èkìtì

Bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nínú gbogbo ìdáhùn tí ó wà nísàlẹ̀ yìí, nítorí pé ó ṣòro kí a tó rí ilé kan ní Èkìtì, láti Ọ̀tùn títí dé Ìkẹ́rẹ́, tí kò ní ìlò fún un: òun ni àlejò ń jókòó lé kí a tó pè é wọlé, òun ni a ń gbé jáde nígbà ìnáwó, òun náà ni àwọn ọmọ sì fi ń ṣe tábìlì nígbà tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Èmi kì í ṣe káfíńtà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní Adó-Èkìtì, mo sì ti kan bẹ́ǹṣì mẹ́sàn-án fún ilé àti fún ẹbí. Méjì àkọ́kọ́ nínú wọn ti di igi ìdáná, ọ̀dọ̀ àwọn méjì yẹn ni mo sì ti kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ṣé ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lè kan bẹ́ǹṣì tí àgbàlagbà yóò jókòó lé láìbẹ̀rù?

Ó lè kàn án, bí ó bá ti lè fi tẹ́ẹ̀pù wọn nǹkan, tí ó sì ní sùúrù láti tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ǹṣì tí mò ń sọ kò ju pákó mẹ́fà lọ: ọ̀kan fún ìjókòó, méjì fún ẹsẹ̀, méjì fún ìhà lábẹ́ ìjókòó, àti ìdábùú kan nísàlẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó le sí i. Àga tí ó ní ìfẹ̀yìntì ni kí ẹ ṣì fi sílẹ̀ fún ọ̀gá káfíńtà, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ̀yìn tì í ń fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ wọ́ oríkèé ẹ̀yìn àga náà, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ àwa tí a kò kọ́ṣẹ́ ti máa ń yẹ̀.

Igi wo ni kí n béèrè fún ní ìsọ̀ àwọn oní-pákó?

Ibi tí bẹ́ǹṣì náà yóò máa wà ni yóò sọ. Bí òjò yóò bá máa ta sí i, tàbí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bá máa kan ilẹ̀ eléruku, ìrókò, apá àti tíìkì ni ó dára jù, nítorí pé ohun kan wà nínú ọkàn àwọn igi wọ̀nyí tí kì í bá ikán lára mu, tí kì í sì í jẹ́ kí wọ́n tètè jẹrà. Apá le, ó sì wúwo púpọ̀. Ẹni tí ayùn rẹ̀ kò mú yóò kábàámọ̀ pé òun rà á. Ìrókò rọrùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ohun líle kan tí ó dà bí òkúta máa ń wà nínú rẹ̀, tí igi náà fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè. Bí ayùn bá kàn án, eyín ayùn yóò kú lójú ẹsẹ̀. Tíìkì kì í ṣe igi ilẹ̀ wa, láti Éṣíà ni wọ́n ti mú un wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbìn ín káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ṣeé gé, ó ṣeé fá.

Bí ó bá jẹ́ pé inú ilé tàbí abẹ́ òrùlé tí òjò kò dé ni yóò wà, ẹ kò nílò láti náwó tó bẹ́ẹ̀. Àfàrà gba ìṣó dáadáa, kò sì wúwo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ikán fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ, igi tí àwọn agbẹ́lù mọ̀ dunjú, fúyẹ́, kì í sì í tètè ká. Ọ̀gànwó ní àwọ̀ pupa tí ó wu ojú. Mẹ̀láínà náà dára fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀. Arère rọ̀ débi pé èékánná lè fi àmì sí i. Mo máa ń rà á fún ẹni tí ó fẹ́ fi kọ́ bí a ti ń di ayùn mú, n kò sì ní rà á fún ohun tí mo fẹ́ kí ó pẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ igi nìkan tàn yín. Pákó ìrókò kan náà lè ní ọkàn igi ní ìhà kan, kí ó sì ní ara igi funfun tí ó sún mọ́ èèpo ní ìhà kejì. Ikán àti kòkòrò yóò jẹ ìhà funfun yẹn bí ẹni jẹ iyán, wọn yóò sì fi èyí tí ó ṣókùnkùn sílẹ̀. Ẹ yí pákó náà síwá sẹ́yìn kí ẹ tó sanwó.

Oní-pákó ní pákó òun ti gbẹ. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀?

Ìbéèrè yìí ni ó ṣe pàtàkì jù ní ojú ìwé yìí, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Bẹ́ǹṣì mi àkọ́kọ́, pákó àfàrà ni mo rà fún un nínú oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó tà á fún mi fi ọwọ́ lu pákó náà, ó ní kò sí omi nínú rẹ̀ mọ́. Mo kàn án lọ́sẹ̀ yẹn, mo kùn ún, gbogbo ilé yìn mí. Nígbà tí ọyẹ́ fi dé, ìjókòó rẹ̀ ti ká sókè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí àwo, ó sì ti là láti orí débi ìṣó kejì. Mo fi ẹ̀sùn kan ọwọ́ mi, mo fi ẹ̀sùn kan ìṣó; omi tí mo kàn mọ́ inú igi ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé igi tútù kún fún omi, bí omi náà bá sì ti ń gbẹ kúrò lára rẹ̀ ni igi ń súnkì. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì ní gígùn rárá. Ní fífẹ̀ ni ó ti ń súnkì. Pákó tútù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 12 lè dín ní ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì ínṣì kí ó tó gbẹ tán. Bí ìṣó bá ti dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nígbà tí ó ń súnkì, kò ní ibi tí yóò gbà ju kí ó là lọ.

Láti mọ èyí tí ó gbẹ, ẹ kọ́kọ́ gbé pákó méjì tí igi wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn wọn sì dọ́gba, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Èyí tí ó wúwo jù ni ó lómi jù. Ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ojú rẹ̀: igi tútù máa ń tutù sí ara. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kò lè fi ìdánilójú hàn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gba ènìyàn lọ́wọ́ àṣìṣe ńlá. Ọ̀nà tí ó dá mi lójú ni kí ẹ gé ègé kékeré kúrò lára pákó náà nígbà tí ẹ bá ti gbé e délé, kí ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan jìnnà sí orí rẹ̀ kí ẹ tó gé e, nítorí pé orí pákó a máa gbẹ ṣáájú àárín. Ẹ gbé ègé náà sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì tún un wọ̀n ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Níwọ̀n ìgbà tí ìwúwo rẹ̀ bá ṣì ń dín, omi ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ègé kékeré yóò gbẹ ṣáájú odidi pákó, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé ó dín lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ mọ̀ pé odidi pákó yín kò tíì ṣe é kàn.

Kí ni kí n ṣe sí pákó tí kò tíì gbẹ?

Ẹ tò ó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, lábẹ́ òrùlé, kí ó má kan ilẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá igi tín-ín-rín, tí sísanra gbogbo wọn dọ́gba, sí àárín pákó kan àti èkejì, ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ara wọn, kí ọ̀pá ti òkè sì wà ní ọ̀gangan ti ìsàlẹ̀, kí ẹ wá gbé búlọ́ọ̀kù mélòó kan lé orí gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà tí ó ṣẹ́ kù nínú ilé kun orí méjèèjì pákó kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ti ń yára jáde, ibẹ̀ ni pákó sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í là. Pákó tí ó nípọn ní ínṣì kan yóò gba nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má ṣe gbé e sínú oòrùn gangan láti mú un yá. Oòrùn yóò gbẹ ojú rẹ̀ kí inú tó gbẹ, yóò sì lọ́ bí okùn.

Àkókò wo nínú ọdún ni ó dára jù láti ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkìtì?

Òjò wa máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, ọyẹ́ sì máa ń fẹ́ láàárín oṣù Kejìlá àti oṣù Kejì. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń ra pákó nínú oṣù Kọkànlá, mo ń tò ó sílẹ̀ kí ọyẹ́ bá mi gbẹ ẹ́, mo sì ń kàn án nínú oṣù Kejì tàbí Kẹta. Ẹni tí ó bá kan nǹkan nígbà tí igi gbẹ jù lọ gbọ́dọ̀ rántí pé yóò wú díẹ̀ nígbà òjò, nítorí náà kí ó má ṣe fi pákó méjì há ara wọn pinpin ní fífẹ̀.

Irinṣẹ́ wo ni kò ṣeé má ní? A kì í rí iná lò déédéé ní àdúgbò wa.

Kò sí iṣẹ́ kankan lára bẹ́ǹṣì yìí tí ó nílò iná. Ẹ nílò tẹ́ẹ̀pù, pẹ́ńsùlù, ayùn ọwọ́ tí ó mú, òòlù, ìlu tàbí dírììlì tí a ń fi ọwọ́ yí, síṣẹ́lì kan, irin ẹlẹ́nu mímú tí a fi ń gbẹ́ igi, àti sìkúẹ̀, irin tí ó ní apá méjì bí lẹ́tà L tí a fi ń mọ̀ bóyá igun gún. Ìfági yóò wúlò bí ẹ bá rí i yá, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn oní-pákó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá pákó, owó tí wọ́n ń gbà fún un kò sì tó ohun tí apá yín yóò fi máa ro yín fún ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá ní owó láti ra ohun kan ṣoṣo tí ó dára, ẹ fi ra ayùn.

Ẹni tí kò bá ní sìkúẹ̀, kí ó fi tẹ́ẹ̀pù wọn ínṣì 9 sí ìhà kan láti igun, kí ó wọn ínṣì 12 sí ìhà kejì. Bí igun náà bá gún, àlàfo láàárín àmì méjèèjì yóò jẹ́ ínṣì 15 géérégé.

Pákó mélòó ni kí n rà, báwo ni mo sì ṣe máa gé e?

Ẹyọ kan tó. Pákó tí wọ́n sábà máa ń tà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, èyíinì ni ínṣì 144, ínṣì 12 ní fífẹ̀ àti ínṣì kan ní nínípọn. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù yín wọ̀n ọ́n ní ìsọ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n ń pè ní ínṣì kan sábà máa ń dín, fífẹ̀ náà sì lè jẹ́ 11.

Ẹ gé ínṣì 48 fún ìjókòó. Ẹ gé ínṣì 17 lẹ́ẹ̀mejì fún ẹsẹ̀. Bí ìjókòó bá gun orí rẹ̀, gbogbo gíga bẹ́ǹṣì yóò sún mọ́ ínṣì 18, èyí tí ó bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lára mu. Ẹ gé ínṣì 44 mìíràn, kí ẹ sì la èyí sí mẹ́ta ní gígùn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dín díẹ̀ sí ínṣì 4 ní fífẹ̀: méjì fún ìhà, ọ̀kan fún ìdábùú. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ínṣì 126. Nǹkan bí ínṣì 17 ni yóò ṣẹ́ kù, nítorí pé ojú ayùn náà máa ń jẹ tirẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá gé igi. Ègé tí ó ṣẹ́ kù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán ayùn, ìṣó àti fánísì wò, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìjókòó.

Nítorí ohun tí ojú ayùn ń jẹ yìí, ẹ má ṣe fa gbogbo ìlà sára pákó lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó máa gé. Ẹ wọ̀n, ẹ gé, kí ẹ tún wọn èyí tí ó kàn láti ojú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Bẹ́ǹṣì mi kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ìdí rẹ̀ sì nìyí.

Káfíńtà kan sọ fún mi pé ìlà ara igi gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ lára ẹsẹ̀. Ṣé ó yàtọ̀?

Ó yàtọ̀ gidigidi, òótọ́ ni ó sì sọ fún yín. Igi dà bí ìdì ìgbálẹ̀: ó ṣòro láti dá a sí méjì ní ìbú, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Bí ìlà igi bá lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀ lára ẹsẹ̀, ìwúwo ẹni tí ó jókòó yóò máa tẹ̀lé ìlà náà lọ sílẹ̀. Bí ó bá dá ìbú, ẹsẹ̀ náà yóò là níbi tí ó tín-ín-rín jù lọ́jọ́ tí ẹni tí ó sanra bá fi agbára jókòó.

Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀. Nígbà tí ìlà ẹsẹ̀ bá dúró, fífẹ̀ ẹsẹ̀ àti fífẹ̀ ìjókòó dojú kọ ọ̀nà kan náà, nítorí náà bí òjò bá mú kí ìjókòó wú, ẹsẹ̀ náà yóò wú pẹ̀lú rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá mú kí ó súnkì, àwọn méjèèjì yóò jọ súnkì. Kò sí èyí tí yóò fa èkejì ya. Mo gbà pé èyí wà lára ìdí tí irú bẹ́ǹṣì àtijọ́ báyìí fi ń pẹ́ nínú ilé àwọn bàbá wa, nígbà tí tábìlì ńlá tí a rà lówó iyebíye ti là.

Báwo ni mo ṣe máa to àwọn pákó náà pọ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹsẹ̀. Ní òkè ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ gé àyè onígun kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí gíga àyè náà jẹ́ fífẹ̀ pákó ìhà, kí jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ nínípọn pákó ìhà, kí ìhà lè wọ inú rẹ̀ kí ojú wọn sì dọ́gba. Ayùn ni ẹ ó fi gé apá kan, síṣẹ́lì ni ẹ ó fi gbẹ́ èyí tí ó kù. Ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, ẹ gé àyè onígun mẹ́ta tàbí àyè kékeré tí ó tẹ̀ bí ọrun kúrò ní àárín, kí ó lè dà bí ẹsẹ̀ méjì. Bẹ́ǹṣì tí ó bá fi ibi mẹ́rin dúró kì í mì lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú bí èyí tí gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà (ẹni tí ó bá fẹ́ ìdábùú, kí ó kọ́kọ́ ka ohun tí mo sọ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀), ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà, irú Top Bond, sí inú àwọn àyè náà, ẹ tẹ pákó ìhà méjèèjì sí i, kí ẹ sì kàn án mọ́ ẹsẹ̀. Kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà níbi tí yóò ti jẹ́ ínṣì 6 sí ìpẹ̀kun ìjókòó nígbà tí ìjókòó bá gun orí rẹ̀. Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n láti igun kan sí igun òdìkejì, kí ẹ tún wọn igun méjì yòókù: bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ fi ọwọ́ tì í títí yóò fi dọ́gba. Ẹni tí kò ní kíláǹpù, irin tí a fi ń fún pákó pọ̀, lè fi okùn yí gbogbo rẹ̀ ká, kí ó ki igi kékeré bọ okùn náà, kí ó sì máa lọ́ ọ títí yóò fi há. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ìjókòó ni ó kẹ́yìn. Ẹ wo orí pákó náà, ẹ óò rí àwọn ìlà tí ó tẹ̀ bí ọrun; ẹ kọ ojú tí ó wà ní ìhà ọkàn igi sókè. Bí ó bá fẹ́ ká lọ́jọ́ iwájú, àárín rẹ̀ ni yóò yọ sókè díẹ̀, omi kò sì ní dúró lórí rẹ̀.

Ní ti ìdábùú ìsàlẹ̀, ẹ lè gé e sí ínṣì 40, kí ẹ fá orí rẹ̀ méjèèjì bí ahọ́n, kí ẹ gbẹ́ ihò sí àárín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ahọ́n náà gba ibẹ̀ yọ síta ní nǹkan bí ínṣì méjì, kí ẹ wá lu ihò kékeré sí ara ahọ́n níta, kí ẹ sì fi èèkàn igi há a. Kí ẹsẹ̀ kejì tó wọlé sára ìhà ni ẹ gbọ́dọ̀ ti ki ìdábùú yìí bọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkọ̀lé gbàgbé, ó sì ní láti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Ìṣó ni, àbí sìkúrù?

Èyíkéyìí nínú méjèèjì dára. Sìkúrù ṣeé tú bí àṣìṣe bá wà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìṣó, ẹ ra èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 2½ fún pákó ínṣì kan. Ìṣó tí a bá kàn sí orí igi, níbi tí a ti gé e ní ìbú, kì í dì í mú púpọ̀, nítorí náà nígbà tí ẹ bá ń kan ìjókòó mọ́ orí ẹsẹ̀, ẹ dá ìṣó kan tẹ̀ sí ọ̀tún, kí ẹ dá èkejì tẹ̀ sí òsì. Wọn yóò di igi mú bí eyín.

Igi líle máa ń là bí a bá kan ìṣó sí i láìlu ihò sílẹ̀. Fún apá àti ìrókò, ẹ fi ìlu lu ihò tí ó kéré ju ìṣó lọ. Ọgbọ́n kan tí mo rí lọ́wọ́ àwọn àgbà káfíńtà ni pé kí a fi òòlù lu ẹnu ìṣó kí ó kú díẹ̀ kí a tó kàn án: ẹnu tí ó mú a máa ya ìlà igi sọ́tọ̀ bí àáké, ṣùgbọ́n èyí tí ó kú a máa já a.

Mo parí tán, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan kò kan ilẹ̀. Ṣé kí n gé mẹ́ta yòókù?

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kiri. Báyìí ni bẹ́ǹṣì ṣe ń di àpótí. Ẹ gbé e sí orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú dáadáa, ẹ fi páálí ṣẹ́ ẹsẹ̀ tí ó wà lókè títí kò fi ní mì mọ́. Ẹ gbé pẹ́ńsùlù lé orí igi pẹlẹbẹ kékeré kan, ẹ fa igi náà lórí ilẹ̀ yí gbogbo ẹsẹ̀ ká kí pẹ́ńsùlù lè fa ìlà kan náà sí ara wọn, kí ẹ wá gé gbogbo wọn níbi ìlà náà.

Báwo ni mo ṣe lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ ikán?

Ikán sábà máa ń gba ilẹ̀ wọlé, nítorí náà ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ fi oògùn igi tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ ọlọ́dà, irú Solignum, kun ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mu ún lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, níta ilé, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Bí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò bá ní sìmẹ́ńtì, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé òkúta pẹlẹbẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí a ti lò kun gbogbo igi. Ó ń lé ikán fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dára fún ara, yóò sì ba aṣọ àlejò jẹ́; ẹ má ṣe fi kan ìjókòó rárá. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tí ó ń dà láti inú ihò tín-ín-rín, ikán kọ́ nìyẹn, kòkòrò inú igi ni, ara igi funfun tí mo sọ lókè ni ó sì sábà máa ń jẹ.

Ṣé mo lè fi epo pupa tàbí òróró pa á kí ó máa dán?

Rárá o. Epo pupa àti òróró ẹ̀pà kì í gbẹ di líle lára igi. Wọn yóò máa lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára, eruku ọyẹ́ yóò sì bò wọ́n. Ẹ fi sánpépà nọ́ńbà 80, èyí tí ó le jù, ha á, lẹ́yìn náà 120, lẹ́yìn náà 180, kí ẹ máa tẹ̀lé ìlà igi, nítorí pé ibi tí sánpépà bá ti dá ìbú yóò hàn ketekete nígbà tí fánísì bá kàn án. Ẹ nu eruku rẹ̀ kúrò, kí ẹ kun fánísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì kun ìsàlẹ̀ ìjókòó náà. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń gbàgbé. Bí òkè bá ní fánísì tí ìsàlẹ̀ kò ní, ìhà kan yóò máa mu omi nígbà òjò ju èkejì lọ, ìjókòó yóò sì ká. Bí ẹ bá rí òróró linseed rà, ó ń gbẹ, ó sì dára, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ àkísà tí ẹ fi pa á sílẹ̀ níta kí ó gbẹ. Bí a bá ká a jọ sí ojú kan, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná.

Ara ń yún mi, mo sì ń sín nígbà tí mo bá ń ha ìrókò. Kí ló fà á?

Eruku ìrókò máa ń bá ara àti imú àwọn ènìyàn kan jà, ti igi màǹsóníà sì tún le jù ú lọ. Ẹ wọ ìbòmú àti aṣọ alápá gígùn, ẹ ṣiṣẹ́ níta níbi tí atẹ́gùn yóò ti gbé eruku lọ, kí ẹ sì wẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ. Bí àyà bá ń há yín, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì fi igi mìíràn ṣe tiyín.

Ìrókò kan wà lẹ́yìn ilé bàbá wa. Ṣé a lè gé e fún iṣẹ́ yìí?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé, nítorí pé àwọn ìrókò kan wà ní Èkìtì tí a kì í ṣèèṣì fọwọ́ kàn. Kí ẹ tún béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń bójú tó igbó, kí wọ́n sọ ìwé àṣẹ tí ẹ nílò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì kan kò tó ohun tí a ń wó odidi ìrókò sí.

Pákó tí wọ́n fi da kọnkéré ilé wa ńkọ́? Ó pọ̀ nílẹ̀.

Sìmẹ́ńtì ara rẹ̀ yóò pa ayùn yín, ìṣó tí ó ṣẹ́ sínú rẹ̀ yóò sì parí ìyókù. Ẹ fi ṣe ọ̀pá tí ẹ ó fi ya pákó tuntun sọ́tọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbẹ ẹ́.

Ṣé mo lè gbẹ́ ọnà sí ara rẹ̀?

Ara pákó ìhà ni ó yẹ ẹ́ jù, kí ẹ sì gbẹ́ ẹ kí ẹ tó kàn án. Ilẹ̀ wa kò ṣàjèjì sí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tí ó sì ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á ní pàṣípààrọ̀ fún àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń rò ó pé àga wo ni ó lè tó ilẹ̀kùn yẹn. Ní tiyín, ẹ fi ọnà tí kò jìn ju ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì lọ bẹ̀rẹ̀, ẹ lo igi ọmọ tàbí àfàrà, kí ẹ má sì ṣe gbẹ́ ibi tí ìṣó yóò gbà.

Lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, mo fẹ́ kan tábìlì. Kí ni ó yàtọ̀?

Gíga rẹ̀ yóò jẹ́ ínṣì 29 sí 30. Ìyàtọ̀ tí ó le ni pé ojú tábìlì máa ń fẹ̀ ju pákó kan lọ, férémù tí ó gbé e sì ní igi tí ó dá ìbú sí i, tí kò ní bá a wú tí kò sì ní bá a súnkì. Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú tábìlì mọ́ férémù. Ẹ lo sìkúrù láti abẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ihò inú férémù gùn díẹ̀ ju sìkúrù lọ ní ọ̀nà fífẹ̀ tábìlì, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ roboto sí abẹ́ orí sìkúrù, kí ẹ má sì fún un pinpin.